Bóòtù Kẹjọ

Ọkún o, ilé pọ́ǹpù.
Ọkún o, páìpù dúdú tó ń gun àpáta
láti etí odò títí dé ẹsẹ̀ táǹkì.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti fi Ìsánlú sílẹ̀.
Wọ́n ránṣẹ́ pè mí: omi ń jò ní oríkèé kejì,
àwọn obìnrin ti tún gbé garawa lérí.

Mo kúnlẹ̀, mo ha ìpẹtà kúrò.
Fílánjì méjì bí àwo méjì tó dojú kọra,
ihò mẹ́jọ lára ọ̀kan, ihò mẹ́jọ lára èkejì,
bóòtù gba inú wọn kọjá,
nọ́ọ̀tì gbá wọn mú lẹ́yìn.

Ayédọgbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.
Orógbó ló máa ń jẹ bó bá ń ronú.
Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá,
kí ló dé tí a ò wẹ́dì ẹ̀ pọ̀, ká lọ jẹun?"
Ó ní, "Wẹ́dì páìpù mọ́ páìpù, ó dáa.
Má wẹ́dì páìpù mọ́ pọ́ǹpù.
Pọ́ǹpù á ṣàìsàn lọ́jọ́ kan.
Ṣé ayùn lo fẹ́ fi gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn?"

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di tèmi,
òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń yí lọ bí ọwọ́ aago,
mo fi gbogbo agbára fún ọ̀kọ̀ọ̀kan le.
A tan pọ́ǹpù. Omi fọ́n sí mi lójú,
ó fọ́n sí fìlà Ayédọgbọ́n,
ó fọ́n sínú ìrẹsì tí Ọmọ́níwà ìyàwó rẹ̀ gbé wá.
Kò bú mi. Ó bọ́ fìlà, ó fún un, ó tún un dé.
"Tú gbogbo rẹ̀."

"Bó o bá di òkè, lọ di ìsàlẹ̀.
Bó o bá di ọ̀tún, òsì ló kàn.
Díẹ̀ fún eléyìí, díẹ̀ fún ọ̀kánkán rẹ̀,
kó o tó padà wá fi díẹ̀ kún un.
Ẹni tó bá ń fún ẹ̀gbẹ́ kan le ṣáá,
ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń lanu.
Irin ò sì lè fẹnu ko irin kó má jò.
Ibi tó gún lójú tìẹ, omi mọ̀ pé kò gún.
Wá nǹkan rírọ̀ sí àárín wọn, kó bá wọn jìyà."

Lónìí, bóòtù méje gbọ́ ẹ̀bẹ̀ epo, wọ́n jáde.
Ìkẹjọ kọ̀. Sípánà mẹ́rìnlélógún
ń yí lófìfo lórí rẹ̀.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò: kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn yòókù.
Ara alùpùpù rẹ̀ ló ti yọ ọ́,
Sùsúkì pupa tó kú sẹ́yìn ilé wọn
lọ́dún tí ohun èlò ò dé mọ́ láti Lọ́kọ́ja,
ọdún tó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́
tí àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní ahun.

Mo la fílánjì. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, túùbù táyà,
ọ̀bẹ ìdáná ló fi gé e, etí rẹ̀ ò dọ́gba,
ó ti gbó, ó le bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ.

Mo tẹ́ tuntun tí mo rà ní Kábà.
Òkè, ìsàlẹ̀. Ọ̀tún, òsì.
Nígbà tó ku ihò kan, ọwọ́ mi wá bóòtù alùpùpù lọ.
Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi kedere:
"Ṣé ìrántí ni omi ń wò?"
Mo fi tuntun sí i. Mo fi ti àtijọ́ sápò.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé e lé Ọmọ́níwà lọ́wọ́.
Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.
"Ibi tó wà nìyí!
Mo ti nà ọmọ méjì nítorí rẹ̀."
Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìta wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ó sáré lọ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀.